Apá Adìẹ Àgbàsìn

Nígbà náà, Hàwáwù ìyá Gáà ṣì wà láyé. Mosúnmọ́lá ọmọ mi ṣì wà láyé. Bàbá rẹ̀ kò sí mọ́, Ọláòtán àbúrò rẹ̀ kò sí mọ́, Bísádé tó kéré jù kò sí mọ́. Adìẹ ló pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó ń lu agogo ìpàdé ṣì wà, ohùn rẹ̀ sì ń dún ju agogo lọ. Pẹ́pẹ́yẹ odò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sórí odò Ọ̀fikì. Èmi náà ní eyín méjì lókè tí mo fi ń gé àgbàdo jẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ yìí, èmi nìkan ló kù. Eyín náà kò tilẹ̀ sí mọ́.

Inú ọpọ́n irú ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Mo ti se irú mi jinná, mo ti da eérú sí i, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bó, ni ẹ̀rọ Agbóòórùn tó wà lókè ẹnu ọ̀nà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gbogbo ilé ló ní tirẹ̀. Bí ìkúùkù ọmọdé ló mọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìjọba rán an ni kó máa gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ ẹran, ọ̀rá, wàrà, ìyẹ́ àti ẹyin. Bó bá gbọ́ ọ, yóò wúkọ́, ojú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé yóò pọ́n. Kí ẹni tó ń wẹ̀ tó kan ẹsẹ̀, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ẹ̀mí, tí ìjọba fi ń mú ẹni tó bá sin ẹran tàbí tó pa á, ti dé.

Fọlárìn ló wá lọ́jọ́ náà. Ọmọ dáadáa ni, mo mọ ìyá rẹ̀. Ó gbé àkàbà rẹ̀ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì nítorí ẹrẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Onírú. Ẹran wo lẹ tún pa?"

"Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí ni. Gbé e lọ, kí o lọ fi í han ọ̀gá rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì. Ó ki irin tín-ín-rín kan bọ ẹ̀rọ náà nímú. "Ẹ wò ó, irú yín ló ń dà á láàmú. Irú àti ẹran tó ti jẹrà, lójú tirẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Sọ fún un pé ìyá tiẹ̀ ló jẹrà."

"Ẹ má bínú sí i. N ó kọ́ ọ kó má ka ohunkóhun tó bá ti bá irú rìn sí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yín o, Ìyá. Wọn kò gbà kí á máa dí i nímú."

Ó fọwọ́ tẹ ibì kan, ikọ́ náà dúró, ojú rẹ̀ padà di àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni Mosún ti yọ láti inú ilé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni ń rìn lórí tìmùtìmù, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e, ó tún ń wò ó kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti wé aṣọ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì.

"Fọlárìn, hóró pupa ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀. "Àǹtí, ọkọ̀ òkun tó ń kó o bọ̀ kò tíì dé. Èyí tó kù nílẹ̀, wọ́n ní aboyún àti ọmọdé ni kí á fún."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," Mosún wí.

"Kí ló yẹ níbẹ̀?" Mo jáde nínú ọpọ́n. "Fọlárìn, bi í léèrè ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀. Ó tẹ ògúnná mọ́lẹ̀ lánàá, ó dúró lé e lórí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ odò. Kò mọ̀. Èmi ni mo gbóòórùn rẹ̀."

Fọlárìn wo aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè wo ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe irú ni Agbóòórùn gbọ́. Ẹran ló gbọ́, ẹran ara ọmọ mi. Fọlárìn gbé àkàbà rẹ̀, kò rántí pé kò tíì dágbére.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ hóró náà ṣe jẹ́. Ẹran ìkòkò wà, èyí tí wọ́n ń gbìn nínú agbada ńláńlá láìsí pé ẹran kankan ké. Ẹ̀wà wà, ẹ̀fọ́ wà, olú wà, ẹ̀pà wà. Ebi kò pa wá. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí ọ̀rá ti dí ní ọkàn ń gun òkè. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà nínú ẹran àti ẹyin tí kò sí nínú ewébẹ̀, tí iṣan ara kò lè ṣe láìsí i. Ohun kékeré yẹn ni wọ́n rọ sínú hóró pupa. Ẹni tó bá pẹ́ tí kò rí i gbé mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kú, ahọ́n rẹ̀ yóò pọ́n, yóò dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, bó bá yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ara mi kì í tètè jẹ ohun tó bá tọ́jú sínú, ìyẹn ni kò fi tíì mú mi. Mosún kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé mo ń bú òfin. Òfin náà kò purọ́. Kó tó dé, Ọ̀fikì ti di ojú ọ̀nà tí alùpùpù ń gbà kọjá. Màlúù ti jẹ etí odò tán, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ le bí àpáta. Àwọn ilé adìẹ ńláńlá wà lókè odò, ìgbẹ́ wọn ló ń ṣàn sínú ìwọ̀nba omi tó kù, àwọn ọmọ ń yàgbẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ni àrùn adìẹ bẹ́. Bàbá Mosún tó ń ṣiṣẹ́ nílé adìẹ ló kọ́kọ́ wúkọ́, Ọláòtán tẹ̀ lé e, Bísádé tẹ̀ lé e. Mosún wà ní Ṣakí lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ìyẹn ló fi ṣẹ́kù. Èmi náà wúkọ́ títí mo fi rò pé ẹ̀dọ̀fóró mi ń bọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ikú kò mú mi. Mo dìde, mo sin wọ́n. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé lórí òfin, èmi ni mo dìde tí mo pariwo ju gbogbo ayé lọ. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n má ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Wọ́n pa wọ́n. Omi padà. Mosún dàgbà sí etí omi yẹn, ó di olùtọ́jú odò. Láràárọ̀ ni yóò ki ọ̀pá dígí rẹ̀ bọ omi, dígí náà yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, yóò wá jókòó ka ẹyẹ. Ọkọ tó fẹ́ ẹ ní òun kò lè bá odò du ìyàwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Mosún kò sunkún. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kò lè dé odò náà mọ́ láìṣubú.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Hàwáwù wá sílé mi. Ìyá Gáà ni gbogbo ìlú ń pè é. Àwọn Fúlàní ará gáà rẹ̀ ti fọ́nká lẹ́yìn tí ìjọba kó màlúù wọn, òun nìkan ló ṣẹ́kù sí abẹ́ àpáta, ó ń ta fùrá tí wọ́n fi omi ẹ̀pà pò, ó sì ń bú u bó ṣe ń tà á. Ó sọ igbá kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ìyá Mosún, mo wá jíṣẹ́."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Iṣẹ́ àgbàsìn."

Mo rò pé ogbó ti dé sí i lórí. "Àgbàsìn wo láyé yìí, Hàwáwù?"

"Adìẹ rẹ. Pupa tó ní funfun létí apá. Èyí tí o gbé fún mi nígbà tí Mosún wà lẹ́nu ọmú."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àgbàsìn. Bí mo bá ní abo adìẹ tí n kò ní àyè, n ó gbé e fún ọ kí o máa bá mi sìn ín. Bó bá pamọ, a ó pín in, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Bó bá kú, ẹnu lásán kò tó. O ó gé apá rẹ̀ wá, n ó tẹ́ ẹ, n ó wo ìyẹ́ rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé adìẹ mi ni lóòótọ́, pé o kò jẹ ẹ́, pé o kò tà á. N ó wá sọ pé, "Ojú mi rí i, ọrùn rẹ mọ́." Ẹni tí kò bá mú apá wá, olè ni, bó ti wù kó búra tó.

"Ọjọ́ tí wọ́n ń kó adìẹ jọ," Hàwáwù wí, "mo kó gbogbo tèmi fún wọn. Wọ́n kó màlúù ọkọ mi, mo ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù nínú ìran tìrẹ wà nínú ihò àpáta, ó ń sàba. Tìrẹ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé nǹkan oníǹkan fún ìjọba?"

Mo sún mọ́ ọn. "O wá ń sìn wọ́n láti ọjọ́ yìí? Àtọmọdọ́mọ?"

"Àtọmọdọ́mọ. Gbogbo wọn ló ní funfun létí apá."

"Tí o kò sì sọ fún mi!"

"Kí n sọ fún ta ni? Ìwọ tí o pariwo ní ìpàdé, tí etí mi fi ń hó títí di ọ̀sẹ̀ kejì?" Ó ṣí igbá. Ó tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ fùrá, ó yọ ẹyin kan, ó tún yọ òmíràn, fùrá ń kán lára wọn. "Mo rí ọmọ rẹ níbi tó ti ṣubú lọ́nà odò. Ó wólẹ̀ bíi kèrègbè. Mi ò lè máa jẹ ẹyin adìẹ rẹ, kí ẹsẹ̀ mi le báyìí," ó gbé aṣọ sókè, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbàgà, "kí ti ọmọ rẹ máa kú. Olè nìyẹn. Ìdajì rẹ rèé."

Mo gba ẹyin kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú u lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nímú Ọláòtán wá sí mi lójú, kò fẹ́ lọ.

"Hàwáwù, bí àrùn bá wà nínú wọn ńkọ́?"

"Àrùn wo? Wọn kì í bá adìẹ mìíràn pàdé. Inú ilé ńláńlá ni àrùn yẹn gbé dàgbà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń mí sí ara wọn lẹ́nu. Tèmi ń mu omi ìsun ìdí àpáta, wọ́n ń jẹ kòkòrò. Wo ojú mi. Mo jọ ẹni tó ń kú?"

Kò jọ ọ́. Àgbà ni mí, ó jù mí lọ díẹ̀, ó sì ń gun àpáta bí ewúrẹ́ tí kò sí mọ́. Bí mo bá pe Fọlárìn, wọn yóò pa adìẹ, wọn yóò mú Hàwáwù, ọmọ mi yóò sì máa wó lọ díẹ̀díẹ̀ títí hóró yóò fi dé. Bí n kò bá pè é, mo ti di ohun tí mo dìde pariwo lé lórí. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹyin náà fi gbóná lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo rì í sínú agbọ̀n irú pẹ̀lú èkejì, mo fi ewé bò wọ́n. Agbóòórùn ń wò mí láti òkè ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.

Mo lọ ẹ̀wà, mo lọ ata, mo fọ ẹyin méjèèjì sí i, mo pò ó títí n kò fi rí pupa rẹ̀ mọ́. Mo pọ́n ọn sínú ewé, mo sè é. Mosún ṣí ewé, ó bu ẹnu kan, ó dúró. Ó tún bu ẹnu kejì, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Màámi, ta ló kú nínú ọ̀lẹ̀lẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀wà ló kú."

"Màámi."

"Ata náà kú díẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi máa ń gbé ẹyin bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ máa ń fọ́ ọ sí ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ rò pé ahọ́n mi ti kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé tó wà nílẹ̀.

"Ibo ni ẹ ti rí i? Ẹ má tilẹ̀ sọ fún mi. Bí ẹ bá sọ fún mi, ó di dandan kí n lọ sọ." Ó ti àwo náà sẹ́yìn. "Ẹ̀yin, nínú gbogbo ènìyàn! Bí adìẹ kan bá wà níbì kan, ikú ti jókòó sáàárín gbogbo ìlú nìyẹn. Odò tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe mi..."

"Odò rẹ kò ní bá mi gbé ọ lọ sí balùwẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀pá rẹ̀ tó wà nílẹ̀, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Èmi ni mo bá a mú un. Kò jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà. Mo bo àwo rẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n irú mi bí ẹni tí wọ́n nà.

Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fi ìka ka nǹkan, tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹyẹ ló ń kà.

"Màámi," ó ní, "èyí tó tẹ̀ lé mi. Ọkùnrin yẹn. Tó máa ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù, tó fọ́ ìkòkò yín. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo jókòó tì í. "Ọláòtán."

"Ọláòtán." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ èdè. "Láti ìdájí ni mo ti ń wá a. Ojú rẹ̀ ń bọ̀, orúkọ kò tẹ̀ lé e." Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ ṣì ní nínú ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn?"

"Hà..." Mo gbé orúkọ náà mì. "Mo lè rí òmíràn."

"Ẹ sè é. Bí èmi náà bá gbàgbé wọn, ta ni yóò rántí ohun tí adìẹ ṣe?"

Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé, ó sì jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n ewé lá.

Láti ìgbà náà, Hàwáwù ń gbé fùrá wá, Mosún kò sì bi mí léèrè ìdí tí fùrá fi di ohun tí mò ń rà lójoojúmọ́. Ahọ́n rẹ̀ kò dán bí ẹ̀yìn ṣíbí mọ́. Ọjọ́ kan, ó pariwo lẹ́yìnkùlé, mo sáré dé ibẹ̀, ìjàlọ ti bò ó lẹ́sẹ̀, ó ń fò sókè sódò, ó ń kígbe pé, "Ó ń dùn mí! Màámi, ó ń dùn mí o!" Àwa méjèèjì dìmọ́ra, a ń rẹ́rìn-ín, ìjàlọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èmi náà.

Fọlárìn rí i lójú ọ̀nà láìsí ọ̀pá. "Àǹtí! Kí lẹ̀ ń lò?"

"Irú màámi," ó dáhùn.

"Ó yẹ kí n wá fi díẹ̀ wẹ̀."

Ó padà sétí odò rẹ̀. Bó bá dé, ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ odò ni, pé wọ́n tún pọ̀ sí i, pé àwọn kan láti ọ̀nà jíjìn ti dara pọ̀ mọ́ wọn, pé wọ́n tilẹ̀ ń bà sí ìsun ìdí àpáta báyìí. Ọjọ́ kan ó ní òun rí òkú pẹ́pẹ́yẹ díẹ̀ létí omi, òun sì ti ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀ṣọ́. Mo ní, "Ó dára." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń fi èyí kan họ èkejì.

Bí mo ṣe wà nínú ọpọ́n irú lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Hàwáwù wá gbẹ̀yìn. Kò ru igbá. Ewé kókò ló dì mú lọ́wọ́, ó fi àyà gbá a mọ́ra. Ojú rẹ̀ ti wọlé.

"Ìyá Mosún, gbogbo wọn ló kú. Mo jí, mo bá wọn nílẹ̀. Ọ̀kan kò ṣẹ́kù." Ó na ewé náà. "Mi ò jẹ wọ́n. Mi ò tà wọ́n. Apá rèé."

Ẹsẹ̀ mi wà nínú irú títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ọwọ́ mi kún fún eérú. Àgbà kì í na apá àgbàsìn kó má rí ẹni gbà á. Àbùkù ńlá ni. Mo ní, "Mosún, gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ."

Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó tú ewé náà, ó tẹ́ apá náà sórí itan rẹ̀, ó fi ìka ya ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi funfun, eruku sì ń gòkè níwájú rẹ̀ nínú oòrùn. Ó mọ ẹni tó gbà á là nígbà náà. Ó gbójú sókè wo ìyá arúgbó yẹn.

"Ojú wa rí i, Ìyá Gáà. Ọrùn yín mọ́."

Hàwáwù bú sẹ́kún. "Mo rù ú pẹ́," ó wí. "Mo rù ú pẹ́ o." Ó sì wúkọ́.

Mo mọ ikọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n bí obìnrin ṣe ń mọ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú èrò. Mo gbójú sókè wo Agbóòórùn, mo ń retí kó pariwo, kó pọ́n, kó ṣe ohun tí wọ́n rán an. Irú ń rùn. Ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.

Mosún ti rí ojú mi. Kò ju apá náà nù. Ó tún un dì sínú ewé jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ẹ má wá síbí, Màámi. Ẹ pe Fọlárìn."

"Ó lè jẹ́ ikọ́ lásán."

"Ẹ pè é."

"Wọn yóò gbé Hàwáwù lọ. Wọn yóò kan ilẹ̀kùn pa mọ́ ọ."

"Kí wọ́n kàn án. Mo ti lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí, n ó tún fẹ́ lọ lọ́la, n ó sì kó o ran ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin lẹ pariwo jù lọ ní ìpàdé, Màámi. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fi dàgbà."

N kò lè ṣe é. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ẹsẹ̀ mi kò jáde nínú ọpọ́n. Mosún dìde. Ó lọ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ níbi tí a ti sọ ọ́ tì, ọ̀pá tí kò wúlò mọ́, ó dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀rọ tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ó lù ú, ó lù ú, títí ó fi là, tó sì figbe ta, igbe tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Fọlárìn dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó rí Hàwáwù nílẹ̀, ó rí ewé kókò àti ìyẹ́ tó yọ nínú rẹ̀, ó rí ẹ̀rọ tó fọ́. "Èmi ni mo dí i nímú," ó wí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó fọn fèrè.

Bí wọ́n ṣe ń gbé Hàwáwù lọ sí Ilé Ìdágbé, ó yíjú padà. "Ìyá Mosún, ọrùn mi mọ́, àbí?"

"Ó mọ́," mo dáhùn.

Hàwáwù kú kó tó rí ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn pa mọ́ èmi àti Mosún, wọ́n lu ihò kékeré kan sára fèrèsé fún oúnjẹ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi mọ àrùn náà láti ọdún yẹn, pé kò lè mú mi mọ́. Mosún ti ń wúkọ́ nígbà náà, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà fún un, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó wúkọ́ ní gbogbo ìlú. Mosún máa ń béèrè ìyẹn láràárọ̀ lọ́wọ́ Fọlárìn látẹnu ihò, bó bá ti gbọ́ èsì, yóò padà sùn.

Nígbà tó yá, kò lè béèrè mọ́. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹní rẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Ìró kan bẹ̀rẹ̀ lápá odò, ó dún, ó tún dún, léraléra.

"Kí nìyẹn, Màámi?"

Fọlárìn ti sọ fún mi látẹnu ihò pé wọ́n ti pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn pa gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí Ọ̀fikì. "Ààrá ni," mo wí.

"Kò sí òjò."

"Ó ń bọ̀."

Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń rìn lórí ẹní. Ó ń kà á. Bó ṣe máa ń ka pẹ́pẹ́yẹ nígbà tí wọ́n ń bà, bẹ́ẹ̀ ló ń kà wọ́n báyìí, títí ìró náà fi tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ọláòtán. Bísádé. Bàbá mi," ó sọ ọ́ ketekete, kò ṣi ẹyọ kan.

Mo fi ìka họ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fà á sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ náà ti sàn pátápátá.

Oòrùn yí sí apá kejì yàrá. Mo tún fi ìka họ ọ́. Kò fà á mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi lọ.